Ọrùn Kì í Ṣe ti Ajá

Ọjọ́ kẹrin tí àgbọ̀nrín ti ń rọ̀ dirodiro nínú gáréèjì,
tí òtútù Dọ́fìn ń ṣiṣẹ́ fìríìjì láìgba owó iná,
Bàbá Mẹ́trò kan ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé wa.
"Ìbọn ṣì ń gbọ́ tèmi," ló wí,
"ọ̀bẹ ni kò gbọ́ mọ́." Ó na ọwọ́ rẹ̀ kí n wò bó ṣe ń gbọ̀n.
Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti iṣẹ́ òru dé. Mo bọ́ bàtà, mo tún un wọ̀.

Ọmọ ọdẹ Ṣakí ni mí. Mo mọ àgbọ̀nrín kí n tó mọ a-bí-dí.
Tibí sanra ju tilé lọ, abẹ́ ìrù rẹ̀ funfun báláú,
ṣùgbọ́n oríkèé jọ oríkèé:
ọ̀bẹ mọ ọ̀nà, kò bèèrè ìwé ìrìnnà.

Ẹ̀dọ̀ ti lọ lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, òun àti àlùbọ́sà;
ẹ̀dọ̀ kì í dúró de àlejò.
Ọkàn wà nínú ìgò, ó ń mu ọtí kíkan.
Apá òsì, níbi tí ọta gbà kọjá, ti dúdú fún ẹ̀jẹ̀.
A gé ibẹ̀ jù sórí yìnyín. Ẹyẹ ló ni ín.

Ẹran ẹ̀yìn ló dá ìjà sílẹ̀,
ọ̀já gígùn méjì tó sùn ti ọ̀pá ẹ̀yìn.
Èmi fẹ́ bọ̀ ọ́ títí yóò fi jẹ́wọ́;
ó gba ìkòkò lọ́wọ́ mi bí ẹni gba ìbọn lọ́wọ́ ọmọdé.
Bọ́tà nínú páànù gbígbóná, iyọ̀ díẹ̀,
ka ọgọ́rùn-ún, yí i padà, tún ka ọgọ́rùn-ún, sọ̀ ọ́ kalẹ̀.
Inú rẹ̀ ṣì pọ́n. Mo dijú jẹ ẹ́.
N kò ní purọ́: mo lá àwo.

Itan, èmi ni mo ni ín. Mo ha ọ̀rá rẹ̀ kúrò,
torí ọ̀rá àgbọ̀nrín a máa dì mọ́ àjà ẹnu bí àbẹ́là,
mo gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, mo fi yàjì pa á lára,
mo fi igi ápù yan án nínú àgbá epo àtijọ́, níta.
Níta o! Ìyàwó mi dán an wò nínú ilé rí:
agogo èéfín figbe ta, panápaná dé tàáké-tàáké,
ọ̀kan nínú wọn bèèrè bóyá òun lè mú díẹ̀ lọ.

Apá ọ̀tún, Mẹ́trò lọ̀ ọ́ mọ́ ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ àti ááyù,
ó ń kì í sínú ìfun bí Hálíà ti máa ń ṣe é.
Kò dárúkọ Hálíà. Àga rẹ̀ ló ń wò.

Ó wá kan ọrùn. Ó nà án sí ajá.
Mo pariwo. Ọrùn kẹ̀?
Nílé wa, ẹni tó ru ẹran délé ló ni ọrùn;
bàbá mi a sì gbé e sínú àwo mi,
bẹ́ẹ̀ àtùpà nìkan ni mo rù.
Ọrùn kò fẹ́ ìkánjú. Omi tó bò ó, ata rodo,
efinrin gbígbẹ tí ìyá mi dì sínú ọ̀rá ránṣẹ́,
iná tó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ láti alẹ́ títí di òwúrọ̀,
egungun á tú ara rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni tí a dárí jì.

Bí a ti jókòó, mo túmọ̀ òwe fún un:
bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, bó bá ro ìyà,
bó bá pa ẹran, kò ní fún ẹnìkan jẹ.
Ó ronú. Ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, irin ní ìbàdí,
yìnyín dé orúnkún, ọjọ́ mẹ́ta lórí igi.
"Ta ni ǹ bá wá bá jẹ ẹ́?" ló wí.

Mo gbé ọrùn síwájú rẹ̀.
Ó ní òun kọ́ ló rù ú, ọkọ̀ ọmọ-ọmọ òun ni.
Mo ní àtùpà ni tèmi náà.
Ọbẹ̀ ta sí aṣọ tábìlì. Ajá ń wò wá.